Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Àgbọ̀nrín Kò Ní

Nọ́ọ̀sì ti gbé omi tí wọ́n fẹ́ fà sí i lára kọ́, ó ń wá iṣan lápá rẹ̀, àfi bí Àgbọ̀nrín ṣe fa apá náà sẹ́yìn. Ó ní òun fẹ́ yà sílé ìtọ̀. Ló bá gba ẹnu ọ̀nà jáde, kò sì padà wọlé mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, eré sísá ló sì sọ ọ́ ní Àgbọ̀nrín nílé ẹ̀kọ́. Láti kékeré ló ti ń gba omi yìí lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé ẹ̀kọ́. Ọmọbìnrin tó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ eléré ìje wọn ti fi àwàdà sọ, láìmọ ohun tó ń ṣe é, pé ẹni tí kò bá kúrò lọ́sibítù, kó máa sáré lórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ìdíje ńlá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ó purọ́ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti gbà á. Nígbà tí oṣù mìíràn yípo, ó tún purọ́. Ó sáré lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n sì gbapò kìíní. Ikọ́ ló tẹ̀lé e. Kò pẹ́ tí kò fi lè mí délẹ̀ mọ́. Àrùn ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀ lọ́sibítù, dókítà jókòó tì í. Ó ṣàlàyé pé oríṣi kan ṣoṣo ni ohun ìjà tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rọ láti fi bá àrùn jà. Ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ara, ló máa ń wọ inú DNA, ìyẹn ìwé àṣẹ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń rọ ọ́, tí á yí lẹ́tà padà níhìn-ín, tí á jẹ́ kí wọ́n gé e kí wọ́n sì tún un so lọ́hùn-ún, kí ohun ìjà náà lè di oríṣiríṣi, kí ó sì mú sí i.

"Ẹ́ńsáìmù yẹn ni kò ṣiṣẹ́ lára rẹ," ni dókítà wí. "Kì í ṣe pé o jẹ́ ọ̀lẹ. Ohun ìjà tí ara ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn ti rọ ló wà nínú omi tí à ń fà sí ọ lára."

Àgbọ̀nrín wo ìyá rẹ̀ tó dúró tì wọ́n. "Màámi, ẹ má bínú. Mo purọ́ fún yín."

"Àìsàn kò dín ọ kù lójú mi, ọmọ mi ni ọ́," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Irọ́ rẹ ló dùn mí jù."

Nígbà tó padà sílé ẹ̀kọ́, ó dúró níwájú ẹgbẹ́, ó sì rò ó fún wọn látòkèdélẹ̀. Balógun ò lè gbójú sókè. Nígbà tó yá, ó béèrè bóyá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ ṣì lè sáré.

"Tí mo bá ti ń gba omi mi déédéé," ni Àgbọ̀nrín wí, "ẹ̀yìn mi lẹ óò máa wò."

Láti ìgbà náà, Balógun ló ń sìn ín lọ sọ́sibítù, ìlérí Àgbọ̀nrín sì ṣẹ lórí pápá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ kì í tẹ́. Àìsàn kì í ṣe ìtìjú. Kí a torí ẹ̀sín ẹgbẹ́ sá fún ìtọ́jú ló léwu.