Ẹni Tó Dákẹ́ Kì Í Ṣe Adití

Ìyá Dígí dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ìbàdí, ó ní kí Ìyá Orin kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀, kó lọ máa sùn ní yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó sípíkà sí, nítorí pé ọmọ òun nílò yàrá tó ní fèrèsé.

"Akọrin kan ṣoṣo ló kù nínú ilé yìí, kì í sì í ṣe ìwọ," ló wí. "Ìyá orin tí kì í ṣe ìyá ọmọ, tí kò tún lè kọrin mọ́. Kí lo wá jẹ́ gan-an?"

Ìyá Orin kò dáhùn. Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà á. Dókítà ló ní kó má sọ̀rọ̀. Ó fa àga kan, ó jókòó sí àárín yàrá rẹ̀, ó ká apá mọ́ra, ó sì tẹjú mọ́ obìnrin náà títí tó fi rẹ ìyẹn, tó fi ìbínú kúrò níbẹ̀. Àwọn tó wà nílé lọ́jọ́ náà rò pé òmùgọ̀ ni. Wọn ò mọ̀ pé ẹni tí wọ́n rò pé kò ní ẹnu, òun ló máa sọ èyí tó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ olórin ló sọ ọ́ ní Ìyá Orin, torí pé bí àwọn yòókù ṣe ń mí ni òun ṣe ń hun orin. Ọ̀dọ́ ni, kò tíì pẹ́ nílé ọkọ. Màmá rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ti kú nígbà tó wà ní kékeré. Bàbá rẹ̀ fẹ́ ìyá Dígí, wọ́n bí Dígí, bàbá náà sì tún papò dà. Ìyá Dígí tọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń tọ́ ológbò aládùúgbò: ìgbà tó bá rántí ló ń ju oúnjẹ sí i. Síbẹ̀ ọmọ náà dàgbà, ó gbé ohùn rẹ̀ wọ ìlú ńlá, ó pàdé Oníjìtá, wọ́n sì fẹ́ra.

Òpópónà àwọn ayàwòrán ni wọ́n ń gbé, níbi tí kò sí ògiri tí wọn ò tíì kùn, tí orin ń jáde lójú fèrèsé kan, tí òmíràn ń jáde lódìkejì láti pàdé rẹ̀. Gbọ̀ngàn kan wà ní ìparí òpópónà náà tí Oníjìtá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣeré ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Jìtá ni ti ọkọ, ọ̀rọ̀ àti ohùn ni ti ìyàwó. Bí ẹ bá bi àwọn tó ń wá síbẹ̀ pé kí ni wọ́n wá gbọ́, wọn ò ní dárúkọ jìtá.

Ìgbà náà ni Dígí dé pẹ̀lú báàgì kan. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Kò sí dígí tó máa rí tí kò ní dúró níwájú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kọ́ orin. Ìyá Orin gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un láṣọ, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí sínú kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú máíkì jìnnà sẹ́nu tí ohùn bá ń gòkè. Ayàwòrán kan wà nísàlẹ̀ ilé, obìnrin tí ọ̀dà kì í tán ní èékánná rẹ̀, tó kìlọ̀ fún un pé kó máa la ojú sílẹ̀. Ìyá Orin ní àbúrò òun ni. Ẹni tó bá ṣàánú kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n àánú tó di ojú kì í ríbi tí ejò gbà wọlé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ohùn Ìyá Orin bẹ̀rẹ̀ sí í já. Dókítà yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, ó rí kókó kékeré kan níbẹ̀, ó ní àwọn á yọ ọ́, pé lẹ́yìn náà kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, títí òun yóò fi ní kó la ẹnu. Kí gbọ̀ngàn má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn, Ìyá Orin jókòó ti Dígí ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, ó kọ́ ọ ní gbogbo orin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àní èyí tó kọ fún màmá rẹ̀ tí kò tíì kọ níta rí. Ó ní kó bá òun di àyè mú. Dígí dì mọ́ ọn, ó sunkún, ó ní àyè ẹ̀gbọ́n òun kò ní bọ́.

Bí Ìyá Orin ṣe délé láti ọsibítù tó sì ń dákẹ́, ohun ìyanu kan ṣẹlẹ̀: àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni pé kò gbọ́ràn mọ́ pẹ̀lú. Wọ́n á sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lójú tábìlì. Ó fetí ara rẹ̀ gbọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń sọ fún àwọn onílù pé ohùn náà kò ní padà wá mọ́. Ó gbọ́ nígbà tí Dígí ń rẹ́rìn-ín pé ohùn òun ló tilẹ̀ yẹ àwọn orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé omi wọ pálọ̀. Ó bá Dígí lórí àga, jìtá wà lórí itan rẹ̀, Oníjìtá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi apá méjèèjì yí i ká bí olùkọ́ tó ń to ìka akẹ́kọ̀ọ́ sórí okùn. Ìka wọn kò sí lórí okùn kankan. Ohun tó dun Ìyá Orin jù ni pé wọn ò tilẹ̀ fò sọ́tọ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kó gbé omi náà síbẹ̀, ohùn tí wọ́n fi ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ sọ̀rọ̀ ló sì fi sọ ọ́. Bó ti ń yí padà, ó gbọ́ tí Dígí béèrè bóyá kò ní dá wàhálà sílẹ̀.

"Ta ló fẹ́ sọ fún?" ni Oníjìtá wí. "Ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ ọ́?"

Ìyá Orin dé yàrá rẹ̀, ó bu ìrọ̀rí jẹ kí igbe má baà jáde. Ẹkún gan-an lè ba ọ̀fun náà jẹ́, kò sì ní fi ọ̀fun rẹ̀ ta ọkọ burúkú lọ́rẹ. Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé òun máa wò, òun sì máa sàn.

Wọ́n gba àwọn orin náà sílẹ̀ ní sítúdíò lórúkọ Dígí. Ìyá Orin tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù sí ẹni tó ni sítúdíò pé òun lòun ni wọ́n. Oníjìtá ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ó ti fi ojú àánú sọ fún ọkùnrin náà pé ìdákẹ́jẹ́ ti kan ìyàwó òun lórí, pé gbogbo ohun tó bá gbọ́ ló ń pè ní tirẹ̀. Wọ́n kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wo ìkà! Ìgbà yẹn ni ìyá Dígí náà kó dé láti wá jẹ nínú ògo ọmọ rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ yàrá onífèrèsé fi wáyé. Ìyá Orin kò kúrò ní yàrá rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń fi orin dánra wò ni yóò gbé àga síbi tí wọ́n ti máa rí i, yóò jókòó, yóò máa wò wọ́n. Onílù kan ní òun ò lè lu ìlù dáadáa tí ojú yẹn bá ń wo òun.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n fi àwo orin náà lọ́lẹ̀, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kó la ẹnu. Ohùn tó jáde bà á lẹ́rù. Ó ti wúwo, ó ha díẹ̀, ó jọ ti àgbà obìnrin. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Yàrá iṣẹ́ ayàwòrán ló ti ń lo ohùn tuntun náà díẹ̀díẹ̀, láàárín àwọn àwòrán tí kò tíì gbẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ béèrè bóyá ti àtijọ́ kò ní padà wá. Ó ní kí ti àtijọ́ máa lọ, pé èyí tó kù tó òun jà.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan ló ń darí ètò, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ lórí pèpéle sì ń jáde tààrà lórí afẹ́fẹ́. Dígí ti bẹ màmá rẹ̀ pé kó má wá, pé eré àwọn ọ̀dọ́ ni. Ẹ̀rù àwọn ọ̀rọ̀ kan nínú orin tí Ìyá Orin kọ fún màmá tirẹ̀ ń bà á. Ṣùgbọ́n ta ló máa bí olókìkí, tó máa jókòó sílé? Ìyá Dígí wọ aṣọ tó ń kọ mànà, ó wá àga kan níwájú, ó sì ti sọ fún gbogbo àwọn tó yí i ká pé òun lòun bí ọmọ náà. Ìyá Orin àti ayàwòrán wà lẹ́yìn pátápátá.

Dígí wá kọ orin aránṣọ:

*Ìyá mi tó ń fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ,*
*Ẹsẹ̀ yín dákẹ́, ilé dá wáí.*
*Ilẹ̀ tó gbà yín kò mọ iyì yín,*
*Èmi tí ẹ fi sílẹ̀ ló mọ̀.*

Àwọn èèyàn ń nu ojú. Ìyá Dígí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Fóònù ló gbé sókè, tó ń ya ọmọ rẹ̀ ní fọ́tò, tó ń júwe ara rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ béèrè ibi tí irú orin bẹ́ẹ̀ ti wá. Ẹkún àwọn èèyàn náà ti kó sí Dígí lórí bí ọtí. Ó ní ìyá òun tó ti kú lòun kọ ọ́ fún, pé níbi ibojì wọn ni orin náà ti bọ́ sí òun lẹ́nu. Oníjìtá, tó ti rí ẹni tó jókòó níwájú, ta okùn tí kò yẹ kó ta.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kí i kú àṣẹ̀yìndè, ó sì ní kí gbogbo ilé dìde láti bu ọlá fún olóògbé náà. Wọ́n dìde. Ìyá Dígí náà dìde, ó bi ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ta ló kú.

"Ìyá akọrin yìí ni," ni ọkùnrin náà wí. "Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Lẹ́yìn náà ló rántí ohun tí obìnrin náà ti sọ fún un nípa ara rẹ̀. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àfi bí ẹni pé iná jó obìnrin náà. Ó gba àárín èèyàn kọjá, ó gun pèpéle. "Èmi rèé! Ta ló sin mí?" Dígí bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó ní orin lásán ni. "O fi ẹnu ara rẹ pa mí lójú ayé, o ní orin ni? Èmi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ rí láyé mi! Ìyá odi yẹn ni aránṣọ. Ìyá tiẹ̀ ló kú, òun ló ni orin ikú ẹ!"

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ na máíkì sí i lẹ́nu, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè odi wo ni wọ́n ń sọ. Ìbínú kì í jẹ́ kéèyàn ronú. Ìyá Dígí nawọ́ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó ní òun nìyẹn, òun ló kọ gbogbo orin inú àwo náà, àìlèsọ̀rọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n kó wọn fún ọmọ òun. Bí ẹnu ìkà ṣe tú àṣírí ìkà nìyẹn, tí rédíò sì gbé e dé ilé gbogbo.

Ìyá Orin rìn wá síwájú. Kò sáré. Ó gba máíkì.

"Ìyá mi ló kú," ló wí. "Ẹ ṣeun tí ẹ dìde fún wọn."

Ọwọ́ Oníjìtá bọ́ lára jìtá. Ó bi í wúyẹ́wúyẹ́ pé ṣé ó ń sọ̀rọ̀ ni. Ìyá Orin fi ohùn rẹ̀ tó ti ha bẹ̀rẹ̀ orin náà láìsí jìtá, onílù rọra gbè é lẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó jókòó títí ó fi parí rẹ̀.

Ẹ̀san kì í gbàgbé àdírẹ́sì. Ẹni tó ni sítúdíò kó àwo náà kúrò lọ́jà, ó wá bẹ Ìyá Orin, ó sì tún àwọn orin náà gbà sílẹ̀ lórúkọ ẹni tó ni wọ́n. Gbọ̀ngàn kó eré òpin ọ̀sẹ̀ fún un, àwọn onílù sì tẹ̀ lé e. Ìyá Dígí kó ẹrù rẹ̀ lọ, ó ní òun ò lè sùn sábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú ọmọ tó ti sin òun. Dígí rí i pé Oníjìtá tí kò ní orin kò yàtọ̀ sí ọkùnrin tó kàn ń kanra, ló bá fi í sílẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn tó bá wọ̀ láti kọrin ni wọ́n ti ń bi í pé ara màmá ńkọ́.

Ìyá Orin ti kó kúrò nílé ọkọ lọ sí yàrá tó gbà fúnra rẹ̀ nígbà tí Oníjìtá mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́. Ibi tó ti ń fi orin dánra wò ni wọ́n bá a. Ẹ̀gbọ́n náà sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní iṣẹ́ èṣù ni, pé obìnrin tó mọ ilé í kọ́ a máa mú nǹkan mọ́ra, pé ta ni yóò máa dúró tì í nínú iṣẹ́ orin tó le yìí. Ìyá Orin jẹ́ kó sọ tán.

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín," ló wí. "Ṣùgbọ́n èṣù ò mọ jìtá ta. Àbúrò yín ló ta á. Mi ò ṣépè fún un, mi ò sì ní padà."

Ó yíjú sí àwọn onílù rẹ̀, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fà á díẹ̀ sí i. Orin tuntun ni, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́. Ẹsẹ̀ Oníjìtá ti ń gbá ilẹ̀ tẹ̀ lé ìlù náà kó tó mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á lápá, wọ́n jáde. Ìyá Orin ti pa ojú dé, ó ń kọrin lọ.