Wọ́n Ní Kí Màmá Dé Ná

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni obìnrin yìí, àmọ́ ẹnu ẹ̀ ò fẹ̀yìn tì rárá. Ọjà, iléèwé, ilé ìsìn, kò síbi tí kì í dé láti kìlọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Màmá Ẹ-Yẹ-Ara-Yín-Wò làwọn èèyàn ń pè é. Bó bá ká ẹ mọ́ ibi tó o ti ń da iyọ̀ sóúnjẹ, o gbé!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń múra àtilọ bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀ ní gáréèjì.

"Bàbá, ṣé ẹ ti lo oògùn yín?"

"Màá lò ó," ọkọ ẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ dáhùn. "Àbí èmi náà ti di awakọ̀ ni?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ó bá jáde.

Kò pẹ́ tó lọ ni áyọ́ọ̀nù já bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ẹnu ẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, kò yé ẹnikẹ́ni. Káfíńtà tó múlé tì wọ́n sáré gbé ọkọ̀ ẹ̀ wá.

"Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sí ọsibítù!"

"Ọsibítù kẹ̀?" Àbúrò Bàbá ni. "Nínú ilé Màmá fúnra wọn? Ẹ jẹ́ kí wọ́n dé ná. Àwọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n."

Wọ́n pe Màmá títí, fóònù ò wọlé. Ó máa ń pa á tó bá ń kọ́ni. Wọ́n bu omi fún Bàbá, omi pá a lórí. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n jókòó tì í.

Ní gáréèjì, Màmá ń pariwo: "Bí ẹnu bá wọ́, tí apá kan ò ṣeé gbé, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, rọpárọsẹ̀ nìyẹn! Ẹ má fún un lómi, ẹ má fún un lóògùn. Ọsibítù ńlá, kíákíá! Ẹ rántí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, dókítà á bi yín." Àwọn awakọ̀ pàtẹ́wọ́.

Ọ̀sán ti pọ́n kó tó délé. "Ọlọ́run ṣeun, Màmá ti dé!" Ṣé ẹ rí ayé? Inú wọn dùn.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Bí ẹ ṣe jáde láàárọ̀."

Màmá figbe ta.

Ní ọsibítù, dókítà mi orí. "Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì wà, Màmá, àmọ́ láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ la máa ń lò ó. Àkókò ẹ̀ ti kọjá."

"Mo mọ̀," ló sọ. "Mo mọ̀ ọ́n, ọmọ mi."

Àbúrò ọkọ ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ foríjì mí. Ẹ ò sọ ọ́ fún wa nílé rí."

"Mo ṣebí ẹ ti gbọ́ ni."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bàbá wà láàyè, àmọ́ ọwọ́ tó fi ń gé aṣọ ti kú. "Rárá" nìkan ló kù lẹ́nu ẹ̀. Ebi ń pa á, "rárá". Ó fẹ́ jáde, "rárá". Ìyàwó ẹ̀ á wò ó, omi á lé ròrò sójú ẹ̀, kò sóhun tó lè ṣe.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá tiẹ̀ bí dókítà mẹ́wàá, ẹ má jókòó dè wọ́n. Ẹni tó bá wà nítòsí ni kó gbé aláìsàn dìde. Kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ nílé yín lónìí, fún ọmọ, fún àbúrò, fún ará ilé kejì. Ẹ má rò pé wọ́n ti gbọ́.