Ife Amọ̀ Tí Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Kò Mọ̀

"Shiuli, yọ gbólóhùn yẹn kúrò." Nilima-di, olùkọ́ wa, na ìka sí ara ògiri.

"Èwo nínú wọn, Didi?" Bí a ṣe ń pe olùkọ́ obìnrin nìyẹn.

"Ṣé o fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni? Èyí tó pe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ orí tẹlifíṣọ̀n wa ní afọ́jú tó wọ ẹ̀wù kóòtù!"

Àwọn ọmọ kíláàsì mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, ní Kolkata. Èmi ni olóòtú ìwé ìròyìn ara ògiri ilé ẹ̀kọ́ wa, bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ń fọwọ́ kọ, tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ipò yẹn dùn mọ́ mi ju kí n gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdánwò lọ.

Eré orí tẹlifíṣọ̀n ló dá wàhálà sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, gbogbo àdúgbò a rọ́ lọ sí ilé kan ṣoṣo tó ní tẹlifíṣọ̀n, a ó máa wo ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí kì í ṣàṣìṣe. Lọ́sẹ̀ náà, wọ́n fi májèlé pa olówó kan. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbé ife amọ̀ kan sókè, ó ní ìránṣẹ́ arúgbó ilé náà ló pa á, torí òun ló ń fọ ife yẹn láràárọ̀ láti oṣù kan wá. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Fọ ife amọ̀ kẹ̀? Amọ̀kòkò ni bàbá mi, irú ife bẹ́ẹ̀ ló ń mọ. Ní ìlú wa, bí o bá ti mu tíì inú rẹ̀ tán, o ó là á mọ́lẹ̀ ni, ó parí. Ta ló ń fọ̀ ọ́?

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi kún un pé mo fẹ́ràn fíìmù àtijọ́ aláwọ̀ dúdú-òun-funfun jù, torí wọn kì í kánjú. Wọ́n lè tẹjú mọ́ ìyá arúgbó kan títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi mọ ohun tó ń dùn ún. Àwọn eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wa ńkọ́? Ìgbà gbogbo ni ìránṣẹ́ ń jẹ̀bi.

"Bhaduri-babu tó kọ eré yẹn ni àlejò pàtàkì wa lọ́jọ́ Sátidé," Nilima-di wí. "Ìwọ ló máa ka ọ̀rọ̀ ìkíni. Yọ ọ́, kí o sì kọ ẹ̀bẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, o kì í ṣe olóòtú mọ́."

"Didi, ṣé irọ́ ni mo kọ?"

"Ta ló bi ọ́ bóyá irọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, Didi. N kò ní yọ ọ́."

Ó já bébà náà fàà kúrò lára ògiri. Tultul, ọ̀rẹ́ mi, fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi. "Olórí kunkun! Ṣé bàbá ẹ ni ìránṣẹ́ inú tẹlifíṣọ̀n ni?"

"Kì í ṣe bàbá mi. Ṣùgbọ́n kò pààyàn."

Mo tún un kọ nílé, mo sì tọrọ àyè lọ́wọ́ onítíì tó kọjú sí ilé ẹ̀kọ́ wa, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, Bhaduri-babu dúró níbẹ̀, ó kà á tán.

"Ta ló kọ ìranù yìí?"

Tultul, tó ti di olóòtú dípò mi, tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ pé kí n dákẹ́.

"Èmi ni, sà. Ọmọ amọ̀kòkò ni mí."

"Ọmọ amọ̀kòkò fẹ́ kọ́ mi ní eré kíkọ?"

"Rárá o, sà. Eré ni tiyín. Ife ni tiwa."

Àwọn tó ń mu tíì bú sẹ́rìn-ín. Bhaduri-babu yí padà, ó wọ inú ilé ẹ̀kọ́ lọ. Tultul ló ka ọ̀rọ̀ ìkíni. Ìta ni mo wà tí mo ti gbọ́ ọ. Mo sunkún nílé, n kò ní parọ́. Wọn kò sì dá ipò náà padà fún mi títí mo fi jáde ilé ẹ̀kọ́.

Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti fi ìlú yẹn sílẹ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, títí kan ohùn Nilima-di tó ń bá mi wí. Ẹ̀yin ọmọ, àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Lóòótọ́ ni, òtítọ́ máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́ nígbà tí wọ́n da ẹ̀sùn bo aláìṣẹ̀ inú eré, ìdákẹ́ á ti mọ́ ọn lára lọ́jọ́ tí wọ́n bá da á bo aláìṣẹ̀ àdúgbò rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ipò olóòtú náà fún mi lónìí, tí wọ́n ní kí n yọ gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, n ó tún jọ̀wọ́ ipò náà fún wọn.