Ẹṣin Tí Wọ́n Ń Rẹ Koríko Fún

"Tẹ́ẹ́rẹ́ dà?" Bàbá rẹ̀ na ọwọ́ títí ó fi kan èjìká rẹ̀. "Sún mọ́ ibí. Mo ti yẹ ẹsẹ̀ àwọn ẹṣin yìí wò, mo ti ka eyín wọn. Èyí tí ọwọ́ ò lè rí ló kù. Kí lo rí?"

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rí bí ìnagijẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ẹṣin, àwọn àgbà pàápàá ń bi í léèrè. Ọdún méjì ló ti fi ń lo ìsinmi ilé-ìwé lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀, yanrìn àti búlọ́ọ̀kù ló ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kó fún àwọn tó ń kọ́lé. Ẹṣin rẹ̀ àtijọ́ ti kú, ojú bàbá náà méjèèjì sì ti ń ṣú, débi pé òjìji lásán ló ń rí. Owó ẹṣin kan ṣoṣo ló mú wá. Tó bá ra ìràkurà, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Ẹṣin méjì ni ẹlẹ́ṣin tó ń tà wọ́n so mọ́lẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀ fún wọn láti yàn. Ọ̀kan rí bí eérú, ó kúrú, ó ki, orí rẹ̀ sì tóbi bí àpótí. Ìkejì pupa, ó ń dán, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, àmì funfun wà níwájú orí rẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ ti rí ara rẹ̀ lórí èyí tó pupa. Ní gbogbo Sátidé làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ẹṣin sáré létí odò, wọ́n sì ti fi ti arúgbó ẹṣin bàbá rẹ̀ ṣe ẹ̀sín tó. "Ṣé o ti délé láti Sátidé, àbí o ṣì ń bọ̀ lọ́nà?" ni wọ́n máa ń bi í lọ́jọ́ Mọ́ńdè, gbogbo kíláàsì á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ló rí garawa omi. Ọkùnrin tó ń bọ́ àwọn ẹran ju koríko gbígbẹ síwájú ẹṣin eléérú, ó sì kọjá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ èyí tó pupa, ó kọ́kọ́ ri koríko bọ inú omi, ó gbọ̀n ọ́n, kó tó gbé e fún un. Tẹ́ẹ́rẹ́ yára wo ikùn ẹṣin náà. Ilà kan là gbọọrọ lábẹ́ egungun ìhà rẹ̀, níbi tí iṣan ti le, bíi ti ẹran tó ti jìjàkadì ọjọ́ pípẹ́ kó tó lè mí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà ẹran ti fi irú rẹ̀ hàn án. Àìsàn àyà ni; eruku ló máa ń jí i, ti koríko gbígbẹ tàbí ti ẹ̀ẹ̀rùn. Lásìkò òjò bí ìsinsìnyí, ẹṣin náà á máa mí geere, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá gbẹ, kò ní lè fa ẹrù gun òkè.

"Ṣé èyí tó ga yìí kì í wúkọ́?" bàbá rẹ̀ bi ẹlẹ́ṣin.

"Ẹ dúró tì í, Bàbá, kẹ́ ẹ fetí ara yín gbọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ẹ̀yin náà sì mú ojú yín wá." Ẹlẹ́ṣin wo Tẹ́ẹ́rẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Kò sí ẹni tí kò mọ òfin ọgbà náà. Ohun tí oníbàárà kò bá béèrè, ẹlẹ́ṣin kò ní sọ. Tí okùn bá sì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹ gbà á padà.

"Tẹ́ẹ́rẹ́, ìwọ ni mò ń gbọ́."

Ó wo ẹṣin eléérú, ó wo pupa, ó gbọ́ ẹ̀rín kíláàsì létí rẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Pupa yẹn dára ju èkejì lọ."

Bàbá rẹ̀ kọjú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá, ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ gba okùn.

Fún oṣù mẹ́ta, Tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gba iwájú létí odò. Ní kùtùkùtù, kí bàbá rẹ̀ tó jáde, yóò ti rẹ koríko ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn wá dé. Ó rẹ koríko, ó rẹ ilẹ̀ ilé ẹṣin, ṣùgbọ́n ta ló lè fi omi rẹ gbogbo ojú ọ̀nà?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń fa búlọ́ọ̀kù gun òkè. Tẹ́ẹ́rẹ́ di ìjánu mú níwájú, bàbá rẹ̀ ń tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú òkúta tó fi ń dá táyà dúró. Mọ́tò kan kọjá, eruku bo gbogbo wọn. Ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Ihò imú rẹ̀ là gbàgà, ìhà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó sì dúró gbagidi. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yí padà sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀!"

Bàbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi òkúta ti táyà. Òkúta dá táyà dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n táyà ti gun ọwọ́ rẹ̀.

Ìka mẹ́ta ló kán, lára ọwọ́ tó fi ń yẹ ẹsẹ̀ ẹṣin wò. Ní ọsibítù, Tẹ́ẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: koríko, omi, ilà ikùn ẹṣin.

"Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu," ni bàbá rẹ̀ sọ, láìpariwo. "Mo gbọ́ bó o ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn kó o tó dá mi lóhùn. Ó ń ṣe mí bíi kí n tún bi ẹ́. Mo wá ní, ọmọ mi ni, kí ni mo tún ń béèrè?"

Ì bá nà án, ì bá sàn fún Tẹ́ẹ́rẹ́.

Ó fi eré etí odò sílẹ̀. Lẹ́yìn ilé-ìwé, òun ló ń fi kẹ̀kẹ́ kó ẹrù fúyẹ́fúyẹ́, ní ojú ọ̀nà tí kò ní òkè, títí ọwọ́ bàbá rẹ̀ fi san. Lọ́jọ́ tí bàbá náà fẹ́ lọ ra táyà kẹ̀kẹ́ tuntun, Tẹ́ẹ́rẹ́ ti wọ bàtà, ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá kọjá lára rẹ̀, ó lọ kan ilẹ̀kùn káfíńtà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Jọ̀ọ́, bá mi fojú wo nǹkan kan lọ́jà."

Nígbà tí òjò padà dé, àyà ẹṣin pupa yá. Ìgbẹ́kẹ̀lé kì í bá òjò padà. Irọ́ ẹyọ kan péré lèèyàn fi ń tà á, òótọ́ tí kò lóǹkà ni yóò sì fi rà á padà, díẹ̀díẹ̀.