Lẹ́tà Méjì Lọ́jọ́ Kan

"Wọ́n fún mi! Wọ́n fún mi o! Wọ́n ní mi ò ní san nǹkan kan!"

Ẹlẹ́rìn-ín ló pariwo bẹ́ẹ̀, tó fò sókè láàárín ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gílóòbù tó so rọ̀ lókè. Aránṣọ tó wà nídìí máṣíìnì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dààlì, ó dìde, ó sì gbá ọmọ náà mọ́ra. Kò tilẹ̀ rántí abẹ́rẹ́ tó há mọ́ àyà aṣọ rẹ̀.

"Ọmọ mi! Ọmọ oríire! Ka á sí mi létí kí n gbọ́."

Akọ̀wé, ọmọ aránṣọ náà, wà nídìí tábìlì ìlọṣọ, ó ń fi ẹnu rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, itọ́ funfun ló ń tu. Lẹ́tà tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan náà ni lẹ́tà méjèèjì ti wá, ọkùnrin kan náà ló sì fi kẹ̀kẹ́ kó wọn wá láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé yẹn, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú wọn kò jọra. Ti Ẹlẹ́rìn-ín sọ pé ilé ẹ̀kọ́ yóò fún un ní owó tí yóò fi kàwé fún ọdún mẹ́rin gbáko, owó ìwé àti owó ilé gbígbé wà nínú rẹ̀, kò sì ní dá a padà láéláé. Ti Akọ̀wé sọ pé wọ́n gbà á wọlé, wọ́n sì lè yá a lówó. Kí wọ́n yá a! Owó tí yóò máa san padà pẹ̀lú èlé lórí lẹ́yìn tó bá jáde, fún ọdún mẹ́wàá. Ibi tó kà dé nìyẹn tó fi ká lẹ́tà náà, tó tì í sísàlẹ̀ báàgì. Kò ṣí ojú ewé kejì wò.

"Tìẹ ńkọ́?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

"Wọ́n gba èmi náà, Mọ́mì."

"A dúpẹ́ o! Àwọn ìbejì mi!"

Ìbejì kọ́ ni wọ́n. Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín ni ẹ̀gbọ́n bàbá Akọ̀wé. Ọdún kẹfà rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá obìnrin náà dùbúlẹ̀, tí òun àti ọmọ rẹ̀ sì ti wá ń gbé ní yàrá ẹ̀yìn ilé wọn. Oṣù mẹ́ta ni Akọ̀wé fi ṣẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín, kíláàsì kan náà ni wọ́n sì jọ wà. Ilé ìwé ló sọ wọ́n lórúkọ. Ọ̀kan máa ń rẹ́rìn-ín títí olùkọ́ yóò fi lé e síta. Èkejì ló ń gba ipò kìíní, tó sì ń bá gbogbo àdúgbò kọ lẹ́tà. Akọ̀wé ló kọ́ Ẹlẹ́rìn-ín ní ìṣirò títí tó fi yé e yékéyéké. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn ún wọ eegun. "Èmi tí mo kọ́ ọ," ló ń wí nínú ara rẹ̀, "èmi ni n ó jẹ gbèsè, òun ni yóò kàwé lọ́fẹ̀ẹ́?"

Ohun tí kò sọ fún ara rẹ̀ ni bí òun ṣe kọ fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Olùkọ́ kan wà ní ilé ìwé wọn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tọ́ àwọn tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga sọ́nà. Màmá Fọ́ọ̀mù ni àwọn ọmọ ń pè é, torí kò sígbà tí ìwé kì í ga dé àgbọ̀n rẹ̀ lórí tábìlì. "Ẹ bi mí," ló máa ń wí. "Abéèrè kì í ṣìnà." Ẹlẹ́rìn-ín lọ bá a lẹ́ẹ̀mẹrin. Akọ̀wé kò lọ rárá. Ta ni yóò kọ́ akọ̀wé ní ìwé kíkọ? Ọ̀sán ọjọ́ kan ló fi kọ tirẹ̀ tán. Ibi tí wọ́n ti béèrè iye tó ń wọlé fún ìdílé nìkan ló ti dá ọwọ́ dúró. Bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní iléeṣẹ́ bisikíìtì, kí iléeṣẹ́ náà tó kógbá sílé lọ́dún tó kọjá. Ní báyìí, ọgbà ilé ìwòsàn ló ń gbá, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Akọ̀wé ro ti àwọn àjèjì tí yóò jókòó sí ọ́fíìsì máa ka èyí, ojú sì tì í. Ó kọ owó oṣù àtijọ́ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ buwọ́ lù ú láìkà á. Ẹni tó ń kọ̀wé fún gbogbo ayé ló kọ ọ́, kí ló tún kù? Báyìí ni àwọn tó gba fọ́ọ̀mù náà ṣe rí ìdílé tó rí jẹ, tó rí mu, wọ́n sì fún un ní ohun tí wọ́n ń fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Láti Ọjọ́ Ajé náà, kò sí ohun tí Ẹlẹ́rìn-ín ṣe tí kò bí Akọ̀wé nínú. Bó bá rẹ́rìn-ín, a dà bíi pé òun ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá dákẹ́, a ní ìgbéraga ti dé. Káfíńtà tó wà lódìkejì títì wá, ó ní òun yóò kan àpótí ìwé fún "ọmọ wa tó rí ọ̀fẹ́". Ìyá Akọ̀wé fa téèpù yọ, ó ní kí àwọn méjèèjì wá kí òun wọn ìbàdí wọn fún síkẹ́ẹ̀tì tuntun. Ẹlẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ wọ̀n. Akọ̀wé rí i. Ó sì fi í pamọ́ sínú bí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rí de ọjọ́ ẹjọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù rẹ̀ dún. Ẹlẹ́rìn-ín kò ní fóònù. Nọ́ńbà Akọ̀wé ló kọ sórí fọ́ọ̀mù tirẹ̀.

"Ẹ káàsán. Ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó ilé ẹ̀kọ́ ni," ni ohùn obìnrin kan wí. Ó dárúkọ Ẹlẹ́rìn-ín.

"Kò sí nítòsí, Mà. Àbúrò mi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún un pé ìwé dókítà tó fi ránṣẹ́ nípa àìsàn ìyá rẹ̀ ti pẹ́ jù. Kí tuntun tẹ̀ wá lọ́wọ́ kó tó di aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Tí a ò bá rí i, ẹni tó kàn la máa fún lówó yẹn."

"Màá sọ fún un, Mà."

Ó sì ní in lọ́kàn láti sọ ọ́. Ó rìn dé ẹ̀yìn ilé. Ẹlẹ́rìn-ín ń sá aṣọ sórí okùn, ó ń jó bó ṣe ń sá a, ó fi ṣòkòtò bàbá Akọ̀wé ṣe ẹni tí wọ́n jọ ń jó.

"Ta ló pè ọ́?"

"Wọ́n ṣi nọ́ńbà," ni Akọ̀wé dáhùn.

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́, àfi bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Bó ṣe ń padà sínú ilé ló ń rò ó: "Ẹni tó kàn. Ta ló mọ̀? Bóyá èmi ni mo kàn."  Kò yíjú padà.

Lọ́jọ́ Rú, Ẹlẹ́rìn-ín wá bá a nídìí tábìlì ìlọṣọ. "Ẹ̀gbọ́n, o ò tíì fi lẹ́tà rẹ hàn mí. Ṣé kò sí? Màmá Fọ́ọ̀mù ní tí ohun tí wọ́n fún èèyàn kò bá tó, èèyàn lè kọ̀wé padà sí wọn. Jẹ́ ká jọ lọ bá wọn."

"Ta ló sọ fún ọ pé tèmi kò tó?" Akọ̀wé gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ gbì. "Torí o rí ọ̀fẹ́, o ti di olùdámọ̀ràn? Fi mí sílẹ̀ jàre."

Ẹlẹ́rìn-ín yí padà. Ó jáde. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ mọ́ nínú ilé.

Ọjọ́bọ̀ kọjá. Nígbà tí aago lù méjì lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá Ẹlẹ́rìn-ín pe Akọ̀wé láti yàrá ẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀ ti lọ ra oògùn. Apá ọ̀tún obìnrin náà kò ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́.

"Wá bá mi ka lẹ́tà yẹn," ó wí. "Ibi tí wọ́n ti ní a ò ní san án padà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́."

Akọ̀wé kà á. 

"Tún un kà."

Ó tún un kà. Obìnrin náà fi ọwọ́ òsì tó ṣì lágbára wá ọwọ́ rẹ̀ lórí ibùsùn, ó sì dì í mú. "Nígbà tí mo ṣubú lulẹ̀, mo rò pé ayé ọmọ mi ti tán nìyẹn. Ìwọ lo jókòó tì í lórí ìṣirò. Mo máa ń gbọ́ yín láti ibí. Mo ń gbọ́ bí o ṣe ń bá a wí, tí o tún ń tún un ṣe fún un. Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lo ń kà yìí?"

Omijé ló kọ́kọ́ dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ jáde, gbogbo rẹ̀, ìpè fóònù, ìwé dókítà, aago mẹ́rin. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, Ẹlẹ́rìn-ín ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́.

"Láti ìgbà wo?" ó béèrè.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Ẹlẹ́rìn-ín wo aago ògiri.  Ó ju oògùn sórí ibùsùn, ó sì sáré jáde, Akọ̀wé sì sáré tẹ̀ lé e.

Bàbá Akọ̀wé ni wọ́n sáré bá. Wọ́n bá a lẹ́yìn ilé ìwòsàn, nínú aṣọ iṣẹ́ àwọ̀ ewé, ó ń kó ewé gbígbẹ sínú kẹ̀kẹ́ ìkólẹ̀. Ó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ní, "Ẹ tẹ̀ lé mi." Ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gbà, àwọn nọ́ọ̀sì ń kí i, aṣọ́nà ń ṣílẹ̀kùn fún un. Dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ lọ jẹun. Ó rí i, ó sì padà jókòó. "Bàbá, tiyín kì í pẹ́," ó wí. Nígbà tó di aago mẹ́ta ààbọ̀, ìwé tuntun ti wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáré lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, Màmá Fọ́ọ̀mù ti fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi í ránṣẹ́, ọ́fíìsì sì ti dáhùn pé ó ti dé ọwọ́ àwọn.

 Màmá Fọ́ọ̀mù yọ awò ojú rẹ̀.

"Ìwọ Akọ̀wé, lẹ́tà tìẹ dà?"

Ó ṣì wà nísàlẹ̀ báàgì tó gbé kọ́ èjìká. Obìnrin náà tẹ́ ẹ, ó kà á, ó ṣí ojú ewé kejì, ó sì dúró. "Wò ó níbí. 'Bí owó tó ń wọlé fún ìdílé rẹ bá ti dín kù, kọ̀wé sí wa, a ó tún ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ rẹ yẹ̀ wò. Ọjọ́ Rú ni gbèdéke.' Ọjọ́ Rú. Ìjẹta nìyẹn."

"Ṣé a ò lè bẹ̀ wọ́n ni?" ni bàbá rẹ̀ béèrè. "Iléeṣẹ́ wa ti kógbá sílé láti ọdún tó kọjá. Ṣé kò wà nínú fọ́ọ̀mù ni?"

Màmá Fọ́ọ̀mù wo Akọ̀wé. Akọ̀wé wo ilẹ̀. "Owó oṣù àtijọ́ ni mo kọ, Bàbá. Ojú ló ń tì mí."

Bàbá rẹ̀ pa ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́. "Ṣé iṣẹ́ mi ló ń tì ọ́ lójú," ó rọra béèrè, "àbí èmi?"

Nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ti bi Akọ̀wé rí láyé, ìyẹn nìkan ni kò lè dáhùn. Bàbá rẹ̀ kò sì bi í mọ́.

Wọ́n kọ̀wé bẹ ọ́fíìsì náà. Ọ́fíìsì ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Màmá Fọ́ọ̀mù jókòó tì í ní ọjọ́ méjì, wọ́n ka ìwé ẹ̀yáwó náà láti òkè dé ilẹ̀. "Gbogbo iye tí wọ́n lè yá ọ kọ́ ni wàá gbà," ó wí. "Gba èyí tó tó owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Máa ti ilé lọ. Owó tí o kò bá yá kò lè bí èlé." Báyìí ni Akọ̀wé ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì wákàtí kan àbọ̀ lójoojúmọ́ ní ọdún àkọ́kọ́, nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín ń gbé inú ọgbà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ẹlẹ́rìn-ín kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó ń kó ẹrù lọ ló wá dúró níwájú rẹ̀. "Inú ṣì ń bí mi," ó wí. "O fẹ́ kí n pàdánù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ náà lo padà sọ ọ́. Mi ò tíì mọ èyí tí n ó máa rántí nínú méjèèjì." Akọ̀wé kò bẹ̀bẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó bá a gbé àpótí kan dé ìdí ọkọ̀. Ó gbà wọ́n ní odindi ọdún kan gbáko kí ọ̀rọ̀ àárín wọn tó tún dán mọ́rán.

Lọ́dún kejì, Akọ̀wé kọ òtítọ́ sórí fọ́ọ̀mù: iṣẹ́ bàbá rẹ̀, iye tó ń gbà, iye ẹnu tó ń jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n fún un ní ìrànwọ́ fún ọdún mẹ́ta tó kù. Gbèsè ọdún àkọ́kọ́ kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó ríṣẹ́, tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í san án, Ẹlẹ́rìn-ín tí òun náà ti ń ṣiṣẹ́ ní kí àwọn jọ máa pín in san.

"Rárá," ni Akọ̀wé wí. "Jẹ́ kí n san án. Owó ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ni, ẹ̀kọ́ tí ilé ìwé kò kọ́ mi."

Ó sì san án tán, lóṣooṣù, láìpa oṣù kan jẹ. Ẹni tó ń jowú a máa rò pé ẹlòmíì ni òun ń ṣọ́. Nǹkan tirẹ̀ ló ń sọnù lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ohun tí kò yé wa, ẹ jẹ́ ká béèrè. Bí ipò wa bá ṣe rí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí kò sí ìtìjú nínú iṣẹ́ tí òbí ẹni ń fi òógùn ojú ṣe.