Ìṣó Tó Ṣófo Nínú Àwòrán

Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ilé ìkẹ́rùsí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan jóná. Ọmọbìnrin kan tó ń hunṣọ níbẹ̀ kú sínú iná náà. Aṣọ́nà ni wọ́n dá lẹ́bi.

Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ló ń ṣí ilé ìkẹ́rùsí náà. Ọ̀kan máa ń wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ́nà, èkejì sì wà lápò alákòóso ilé ìkẹ́rùsí, tó ní aago mẹ́rin lòun ti lọ sílé. Aṣọ́nà ní kọ́kọ́rọ́ òun ò kúrò lórí ìṣó. Wọ́n gbé àwòrán kan tí wọ́n yà lọ́jọ́ iná náà síwájú adájọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tò nínú rẹ̀, aago ògiri fi aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú márùn-ún hàn, ìṣó sì ṣófo. Aago mẹ́fà ni èéfín yọ. Aṣọ́nà ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta.

Láti ìgbà náà, kò fọwọ́ sí ìwé kankan mọ́. Ó ní orúkọ tí wọ́n ti bà jẹ́, òun ò ní kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní báyìí dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ Ẹtì. Láìṣe é, ó máa kú. Kò fọwọ́ sí i.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Rọra lọ́jọ́ Ajé. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá òun, alákòóso ìgbà náà, ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó gbàgbé.

"Kí ni bàbá yín wí?"

"Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

Rọra lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n náà. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò rí àwòrán yẹn rí àfi ní kóòtù. Akọ̀wé ilé iṣẹ́, tó gbé e lọ sí kóòtù, ní inú àpòòwé kan lórí tábìlì òun lòun ti rí i.

Ayàwòrán tó ya àwòrán náà ṣì ní ojúlówó rẹ̀ lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó nínú tirẹ̀.

"Mo gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n ní ayédèrú ni," ó sọ. Ó ní wọ́n fi kọ̀ǹpútà wé méjèèjì. Àwòrán kóòtù jẹ́ ẹgbẹ̀jọ ojú, ìyẹn àmì kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń to àwòrán, ní ìbú, ẹgbẹ̀rún ní gíga. Tirẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀jọ ní ìbú, ẹgbẹ̀fà ní gíga. Wọ́n tẹ tirẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè dọ́gba. Níbi tí nǹkan bá ti yàtọ̀, ètò kọ̀ǹpútà náà á kùn ún ní pupa; ibi tó bá dọ́gba á dúdú. Ó kun gbogbo rẹ̀ ní pupa.

"Ta ló ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́?" Rọra béèrè. "Bí ẹ bá tẹ orí èèyàn, ṣé ó lè jọ ara rẹ̀ mọ́?"

Ó béèrè bí ayàwòrán ṣe máa ń ṣe ẹ̀dà fún oníbàárà. Ayàwòrán ní òun kì í tẹ̀, òun kì í fà. Òun máa ń gé ni, òkè lòun sì sábà máa ń gé, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ wo àjà. Òun á sì kọ ìwọ̀n oníkálùkù sínú ìwé.

Rọra gé igba ojú kúrò lókè ojúlówó. Ó tún wọn wé. Gbogbo rẹ̀ dúdú. Ibì kan ṣoṣo ló pọ́n, kò tó èékánná: ibi ìṣó. Wọ́n wò ó dáadáa. Àbààwọ́n ògiri tó wà lábẹ́ ìṣó nínú àwòrán kóòtù jọ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìbejì. Ẹnì kan ti bu ògiri bo kọ́kọ́rọ́.

Wọ́n ṣí ìwé. Èèyàn méjì ló gba ẹ̀dà. Ti akọ̀wé jẹ́ ẹgbẹ̀fà ní ìbú, ẹgbẹ̀fà ní gíga. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gé nínú tirẹ̀, aago ògiri sì bá a lọ. Ohun tí a ti gé dànù, ẹnikẹ́ni ò lè fi síwájú adájọ́. Ayàwòrán ńkọ́? Ẹni tó bá ṣe irọ́ kì í gbé òtítọ́ lọ bá a ní kóòtù.

Ẹnì kejì: alákòóso, ẹgbẹ̀jọ sí ẹgbẹ̀rún.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀gbọ́n wá kí àbúrò rẹ̀ nílé ìwòsàn. Rọra gbé ìwé náà, ojúlówó, àwòrán kóòtù àti èyí tí ibi ìṣó ti pọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣàlàyé fún wọn, kò yára. Ọmọ aṣọ́nà dúró lẹ́bàá fèrèsé.

"Ẹ ní ẹ ò rí i rí àfi ní kóòtù, bàbá," Rọra sọ. "Ìwọ̀n tiyín rèé. Ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ. Bí orúkọ rẹ̀ ò bá mọ́, kò ní fọwọ́ sí i."

Ọkùnrin náà wo àbúrò rẹ̀. Ó ní òun ò lọ sílé láago mẹ́rin. Ó ní sìgá òun ló bọ́ sínú òwú, òun sì sá. Ọ̀sẹ̀ kan lòun fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa nǹkan rẹ́ nínú àwòrán.

"Ọmọ márùn-ún ni mo bí nígbà yẹn," ó sọ. "Ẹyọ kan ni ìwọ ní. Mo rò pé ẹrù tìrẹ ló fúyẹ́ jù."

Aṣọ́nà ò bú u. "Ẹyọ kan náà ló dúró yẹn, ẹ̀gbọ́n," ó sọ. "Ẹ sọ ọ́ fún un."

Ọkùnrin náà yíjú sí ọmọ àbúrò rẹ̀.

"Èmi ni mo dá iná náà sílẹ̀," ó sọ. "Bàbá rẹ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."