Ife Funfun Láti Hagi

Òjò ló sọ wọ́n pọ̀. Ọjà ìkòkò ọdọọdún ní ìlú Hagi kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà, àfi bí ojú ọ̀run ṣe ṣú lójijì, tí òjò dé, tí gbogbo èrò sì sá wọ abẹ́ àtíbàbà. Ọmọbìnrin kan, Chigusa, bá ara rẹ̀ níwájú pẹpẹ ọ̀dọ́kùnrin amọ̀kòkò kan. Àwọn èèyàn ń tì í lẹ́yìn, ife kékeré kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò mọ ìgbà tó mú un. Ó gbójú sókè. Amọ̀kòkò náà gbójú sókè. Ojú wọn ṣe mẹ́rin, ọkàn Chigusa sì fò fẹ̀rẹ̀.

Kó má bàa dà bí ẹni tó ń wo ọkùnrin, ó yára dorí ife náà kodò.

"Ife yín ti kán nídìí," ó ní. "Ẹ sì gbé e síta fún títà. Ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe àlejò nìyẹn?"

"Èmi ni mo fi ọ̀bẹ gé e bẹ́ẹ̀, àǹtí mi. Bí a ṣe ń gé e níbí nìyẹn."

"Ẹ jókòó, ẹ mọ ife tó dáa, ẹ wá fi ọ̀bẹ bà á jẹ́?"

"Níbo lẹ ti wá tí ẹ ò mọ èyí?"

"Tsuwano. Ọtí ìrẹsì la ń pọn nílé wa. Ife tiwa ń dán, ìdí ẹ̀ sì pé."

Ọ̀dọ́kùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Yasunori lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí òjò dá, gbogbo èrò ti lọ tán, àwọn méjèèjì ṣì ń jiyàn lórí ìdí ife.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìgbàkígbà tí iná kò bá sí nínú ààrò tí wọ́n fi ń sun ìkòkò, Yasunori á wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Tsuwano. Wọ́n á jọ máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kékeré tó gba àárín ìlú kọjá, níbi tí àwọn ẹja pupa ńláńlá ń lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n á pín àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi ẹ̀wà dídùn sínú rẹ̀ jẹ.

"Chigusa mi, ìfẹ́ rẹ ń jó mi ju iná ààrò lọ."

"Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ amọ̀kòkò. Rọra o, kí o má lọ sán."

Inú Chigusa dùn nígbà yẹn débi pé ẹ̀rù ń bà á.

Ṣùgbọ́n òun nìkan ni ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó bá máa fẹ́ ẹ yóò wá gbé inú ilé àwọn, yóò jẹ́ orúkọ àwọn, yóò sì máa pọn ọtí àwọn lọ.

"Mi ò kórìíra ọmọ náà," bàbá ní. "Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ èéfín ààrò nítòsí ọtí mi. Bí ó bá ń bọ̀, kó fi amọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Hagi."

Ní Hagi, ìyá Yasunori gbọ́, ó bú sẹ́kún. "Ọmọkùnrin ni mo bí. Wọ́n wá fẹ́ sọ ọ́ di ìyàwó ilé wọn."

Ọmọ kejì ni Yasunori. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò jogún ààrò ilé wọn, nítorí náà, kò sí òfin tó dè é mọ́lẹ̀. Amọ̀ nìkan ló dè é. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ràn òmíràn.

"Fún mi láyè títí di ìgbà ìrúwé," ó sọ fún Chigusa ní ibùdókọ̀ ojú irin. "Màá fi amọ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ. Jẹ́ kí n rọra bẹ ìyá mi."

Ó wá fi àpótí pákó kékeré kan lé e lọ́wọ́. Ó ti fi gègé kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ọmọrí rẹ̀. Ife ọtí kan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n dì sínú aṣọ tí wọ́n fi àtalẹ̀ pupa rẹ. Ife náà funfun, pupa díẹ̀díẹ̀ sì ń yọ lábẹ́ funfun rẹ̀, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ jòjòló.

"Ìwọ̀n ọwọ́ rẹ ni mo fi mọ ọ́n," ó ní.

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Hagi, kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé ife fún ẹnìkejì.

Chigusa gbé ife náà délé bí ẹni gbé ẹyin. Láràárọ̀ ló ń tú okùn àpótí náà, tó ń fi ife náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó sì ń dì í padà.

"Ṣé ife lo fẹ́ fẹ́ ni àbí ẹni tó mọ ọ́n?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Màámi. Ó lè fọ́."

Ìgbà ìrúwé dé. Yasunori dé pẹ̀lú rẹ̀, nínú kóòtù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí apá rẹ̀ gùn jù ú lọ. Ìyá rẹ̀ ti gbà. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Chigusa lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tó kù kò ju pé kó jókòó síwájú bàbá, kó sì tọrọ Chigusa.

Bàbá wà nílẹ̀, ó jókòó kalẹ̀ dáadáa. Ọtí tuntun ti wà ní àrọ́wọ́tó. "Chigusa, bu ọtí fún àlejò wa."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," Yasunori ní, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, "ife Chigusa ni mo fẹ́ fi mu ún."

Chigusa sáré lọ gbé e. Ó kúnlẹ̀, ó tú okùn, ó ṣí aṣọ, ó sì gbé ife náà kalẹ̀ níwájú olólùfẹ́ rẹ̀. Orí rẹ̀ ń wú.

Yasunori gbé ife náà. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó wo inú rẹ̀ pẹ́. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ sì pòórá.

"Ṣé o ò fi mu nǹkan kan rí ni?" ó bi í jẹ́jẹ́.

"Rárá o," ni Chigusa dáhùn tìyangàn tìyangàn. "Omi pàápàá kò kàn án rí."

Yasunori gbé ife náà padà sórí aṣọ rẹ̀. Ife dídán ilé náà ló fi mu ọtí. Ó sọ̀rọ̀ nípa òjò. Ó sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí bàbá bi í pé ṣé kò sí ohun tó fẹ́ sọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Mo kàn wá kí yín ni, Bàbá." Ó sì lọ.

"Ọkùnrin tí ò lè la ẹnu," bàbá ní, ó pòṣé.

Chigusa sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó dúró de lẹ́tà, lẹ́tà kò dé. Ìgbéraga kò sì jẹ́ kó béèrè. Ó rò pé amọ̀ ni Yasunori yàn, pé ìfẹ́ amọ̀ borí ìfẹ́ òun. Nígbà tó yá, ó fẹ́ Tokuzo, ọ̀kan lára àwọn tó ń pọn ọtí nílé wọn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó jẹ́ orúkọ wọn, ó sì tọ́jú rẹ̀. Chigusa fẹ́ràn rẹ̀ débi tó lè fẹ́ràn ẹlòmíràn dé.

Orí Chigusa ti ń hewú nígbà tí bàbá arúgbó kan láti Hagi yà wọlé láti ra ọtí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tọ́ ọ wò, ó sì fa ife tirẹ̀ yọ nínú àpò. Ìdí ife náà ní àlàfo, bí ọ̀bẹ ṣe ń gé e ní Hagi. Ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, àmì róbótó róbótó sì yọ káàkiri ara rẹ̀ bí ẹ̀kán òjò lórí iyanrìn.

"Ta ló kùn ún fún yín?" Chigusa bi í.

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó kùn ún, ìyá. Ẹnu mi ni. Funfun báláú ni nígbà tí ìyàwó mi fún mi. Ara amọ̀ wa ń mu ọtí ni, ó ń mu tíì. Bí o bá ṣe ń lò ó ló ń yí padà."

"Bí èèyàn ò bá lò ó ńkọ́?"

"A jẹ́ pé kò ka ẹni tó fún un sí nìyẹn. Ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n níbi tiwa."

Chigusa jókòó lórí àgbá ọtí. Ó rántí bí Yasunori ṣe wo inú ife náà. Ohun tó tọ́jú bí ẹyin ojú, òun gan-an ló fi lé olólùfẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó kọ lẹ́tà sí Yasunori lọ́sẹ̀ náà pé àìmọ̀ ni, kì í ṣe àìfẹ́. Kò fi ránṣẹ́, nítorí Tokuzo kò ṣẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí Tokuzo kú, tí ọ̀fọ̀ sì parí, ló tó mú un, tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hagi.

Obìnrin kan tó wọ épírọ́ọ̀nù ló ṣílẹ̀kùn. Fumie ni, ìyàwó Yasunori. Ó mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí bàbá arúgbó kan ti ń fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ lẹ́bàá ògiri. Kò gbójú sókè.

"Ojú rẹ̀ ti fọ́," Fumie sọ jẹ́jẹ́. "Ọ̀pọ̀ ọdún tó fi ń wo inú iná ni."

"Ẹ káàsán o," ni Chigusa wí.

Ọwọ́ bàbá náà dúró lórí amọ̀. "Chigusa," ó ní.

Ó pè é lásán, bí ẹni pe ẹni tó kúrò níbẹ̀ láàárọ̀. Fumie wo ọkọ rẹ̀, ó sì wo àlejò.

Chigusa fẹ́ sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ó fa lẹ́tà náà yọ. "Mo mú ìwé kan wá fún yín."

"Fumie ló ń kàwé fún mi báyìí," Yasunori dáhùn.

Ọkàn Chigusa dàrú. Ó rò ó pé kí òun dá a padà sápò. Ó ti ṣe opó, kò sì wá láti da ilé ẹnikẹ́ni rú. Ṣùgbọ́n bí ó bá padà báyìí, Yasunori yóò kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé Chigusa kò fẹ́ràn òun rí.

Fumie ti nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀.

"Ó lè má dùn mọ́ yín nínú, ìyá," Chigusa sọ fún un.

"Ó lè má dùn mọ́ mi." Fumie na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí, abọ́ tíì ni ọkọ mi ń mọ. Kò mọ ife ọtí kan rí. Bí àwọn oníbàárà bá bẹ̀ ẹ́, á ní òun ò mọ̀ ọ́n mọ. Mi ò bi í rí. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n mọ̀."

Yasunori yí etí rẹ̀ sọ́dọ̀ wọn.

Chigusa tẹrí ba. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà náà, ó sì fi í lé Fumie lọ́wọ́.